Ìwà, Ìlépa Ọlà àti Àwìn: Àwọn Òṣómàáló ní Àárín Gbùngbùn Èkìtì Lásìkò Ọ̀dá Owó, 1929 sí 1939

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò òwò aṣọ àwìn tí àwọn Ìjẹ̀ṣà tí a mọ̀ sí òṣómàáló ṣe ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ láàárín ọdún 1929 sí 1939, nígbà tí ọ̀dá owó àgbáyé ba ọjà kòkó jẹ́. Èrò wa ni pé kì í ṣe aṣọ nìkan ni òṣómàáló ń tà. Àkókò ni ó ń tà, orúkọ rere oníbàárà sì ni ó ń gbà bí ohun ìdógò. Nítorí náà, nígbà tí owó wọ́n, ìwà ni ó di okòwò fún ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà. A fi ìwé ìtàn-àròsọ méjì tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ọdún mẹ́wàá náà ti àlàyé wa lẹ́yìn.

1. Ìfáárà

Púpọ̀ nínú orúkọ iṣẹ́ ní èdè Yorùbá ni ó ń sọ ohun tí ẹni náà ń tà tàbí ohun tí ó ń ṣe. Aláṣọ ń ta aṣọ, alágbẹ̀dẹ ń rọ irin, ahunṣọ ń hun aṣọ. Òṣómàáló yàtọ̀, nítorí kò dárúkọ ọjà kankan. Gbólóhùn ni, ẹnu ẹni tí wọ́n jẹ lówó sì ni ó ti jáde: òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò ní jókòó, nítorí ẹni tí ó bá jókòó ti gbà láti ṣe àlejò. Kò sì ní dúró, nítorí ẹni tí ó bá dúró ti múra àtilọ. Yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, níbi tí gbogbo àdúgbò yóò ti rí i.

Ọ̀nà méjì ni a sábà ń gbà rántí àwọn oníṣòwò wọ̀nyí. Ní Iléṣà, akọni ni wọ́n: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ru aṣọ lórí láti ìlú dé ìlú, tí ó fara da òjò àti oòrùn, tí ó sì padà wá kọ́lé. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti tajà, olówó tí kò lójú àánú ni wọ́n, orúkọ wọn sì ti di ohun tí a fi ń fi ọmọ Ìjẹ̀ṣà ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Ìrántí méjèèjì ní òtítọ́ nínú, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wo ẹnìkan ṣoṣo nínú ẹni méjì tí àwìn so pọ̀.

Iṣẹ́ tí ó kún jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti J. D. Y. Peel, Ijeshas and Nigerians, tí ó jáde ní 1983. Iléṣà ni Peel dúró sí láti wo òwò náà, ó sì fi hàn bí èrè rẹ̀ ṣe tún ìlú náà ṣe. Toyin Falola náà ti kọ̀wé ní 1993 lórí àwọn ayánilówó àti àwọn oníbàárà wọn ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Èkìtì ni àwa dúró sí nínú iṣẹ́ yìí, ní ẹnu ọ̀nà tí òṣómàáló lóṣòó sí. A fẹ́ béèrè ohun tí ìlépa ọlà jẹ́ fún ẹni tí ó wà nínú ilé náà.

2. Láti Kírìjì dé Adó

Ogun Kírìjì ni ó kọ́kọ́ so Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì pọ̀ ní ayé òde òní. Láti 1877 ni Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ Ìbàdàn. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú kúrò ní ibùdó. Ìran tí ogun náà tú sílẹ̀ kò ní iṣẹ́ ogun mọ́, ojú ọ̀nà sì ti ṣí. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, aṣọ ilẹ̀ òkèèrè súnmọ́ Iléṣà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òṣogbo ń gba ọjà láti Èkó. Èkìtì, tí ọkọ̀ ojú irin kò dé, ní ènìyàn tí ó fẹ́ rà á. Iléṣà wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ojú ọ̀nà tí ó ti Iléṣà gba Ìtawùrẹ́, Arámọkọ, Ìgèdè àti Ìyìn wọ Adó ni ọ̀nà tí ó tọ́ jù lọ sí àárín gbùngbùn Èkìtì. Adó ni ìjọba amúnisìn fi ṣe olú-ìlú ẹkùn Èkìtì lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ìgbà náà. Ilé ẹjọ́, ọ́fíìsì owó orí àti àwọn ìjọ ńlá wà níbẹ̀. Bí kòkó ti ń tàn kálẹ̀ nínú oko Èkìtì ní àwọn ọdún 1910 àti 1920, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rí owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ìkórè. Láàárín ìkórè kan sí èkejì, ọwọ́ a máa dilẹ̀. Inú àlàfo yìí gan-an ni òṣómàáló tẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ sí.

Kò yẹ kí a gbàgbé pé Èkìtì ní aṣọ tirẹ̀. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń hun kíjìpá lórí òfì wọn tipẹ́, aṣọ náà sì lágbára ju èyí tí ó ti òkèèrè wá lọ. Aṣọ tí òṣómàáló gbé wá kò sọ pé òun lágbára. Ó fẹ́lẹ́, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì fi hàn pé ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti wà nínú ayé tuntun, ìyẹn ayé ìjọ, ilé-ìwé àti ìpàdé ẹgbẹ́. Ipò ni ẹni tí ó rà á ń rà.

3. Bí òwò náà ṣe ń lọ

Ọ̀nà tí òwò náà gbà ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti sọ. Òṣómàáló a dé abúlé, a tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, a sì jẹ́ kí ènìyàn mú aṣọ láìsan ohunkóhun, tàbí kí ó san díẹ̀. A dá ọjọ́ fún un, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó sì jẹ́ ìgbà tí kòkó yóò dé ọjà. Iye tí ó pè é ju iye tí ẹni tí ó mú owó lọ́wọ́ yóò san lọ. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé aṣọ kan jẹ́ ṣílè mẹ́wàá ní ọwọ́-gbà-ọwọ́-fún. Ẹni tí ó rà á láwìn lè san ṣílè méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣílè tí ó lé yẹn ni owó àkókò. Kò sí ẹni tí ó pè é ní èlé, nítorí inú iye aṣọ ni ó fara pamọ́ sí. Nígbà tí ìjọba gbé òfin lórí àwọn ayánilówó jáde ní 1938, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń yá ènìyàn lówó ni òfin náà ń sọ. Òṣómàáló kò yá ẹnikẹ́ni lówó. Aṣọ ni ó tà.

Kí ni ó wá dì mú bí ohun ìdógò? Ìbéèrè yìí ni ó mú kí òwò àwìn yìí yàtọ̀ sí ètò gbèsè tí ó ṣáájú rẹ̀. Nínú ètò ìwọ̀fà, ènìyàn ni a fi dúró fún owó. Ọmọ, àbúrò tàbí onígbèsè fúnra rẹ̀ a máa ṣiṣẹ́ fún olówó títí a ó fi san án. Ọ̀nà àtigba gbèsè sì tún wà tí Samuel Johnson ṣàpèjúwe nínú The History of the Yorubas (1921), èyí tí à ń pè ní dídógò ti ènìyàn. Ológò a wọ ilé onígbèsè, a jókòó pa, a máa pariwo, a sì máa mú adìyẹ tàbí ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó. Ìyọnu rẹ̀ ni ó ń mú kí ẹbí tètè wá owó náà.

Òṣómàáló jogún ìlóṣòó náà láti ọ̀dọ̀ ológò, ṣùgbọ́n kò jogún agbára tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àlejò ni ní Adó tàbí ní Ìyìn. Kò ní ìdílé níbẹ̀, kò ní ìjòyè tí yóò rán an. Bí ó bá mú adìyẹ olóko, òun ni wọn yóò mú lọ sí kóòtù. Ó nílò onílé tí yóò gbà á sùn, ó sì nílò ará ìlú tí yóò sọ fún un pé lágbájá máa ń sanwó, tàmẹ̀dù kì í san. Ohun ìdógò kan ṣoṣo tí ó lè gbára lé ni ìtìjú onígbèsè. Yorùbá ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Orí òwe yìí gan-an ni òṣómàáló kọ́ ilé okòwò rẹ̀ lé. Ẹni tí kò bá ní orúkọ tí ó lè bàjẹ́ kò lè rí aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò ìwà kí ó tó di onígbèsè. Àwọn tí òṣómàáló lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn kì í ṣe ọ̀lẹ tàbí èèyànkéèyàn ìlú. Àwọn tí ìlú ti jẹ́rìí sí ni wọ́n.

4. Nígbà tí kòkó já

Ní 1929, ọjà ìdókòwò New York wó lulẹ̀ ní oṣù Ọ̀wàrà, iye owó tí ayé ń san fún kòkó sì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún yẹn kan náà ni ilé-iṣẹ́ Niger Company àti African and Eastern Trade Corporation para pọ̀ di United Africa Company, tí a mọ̀ sí UAC. Àgbẹ̀ tí ó ti ń rí olùrajà méjì tí ń bá ara wọn díje tẹ́lẹ̀ wá rí ẹyọ kan. Ohun mìíràn tún wà tí ó mú ọ̀rọ̀ náà burú sí i. Igi kòkó kì í so kí ó tó pé ọdún mẹ́rin, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi tí àwọn ènìyàn gbìn nígbà tí owó dára ní àárín ọdún 1920 ni ó ń so ní 1930. Bí owó ti ń já, bẹ́ẹ̀ ni kòkó ń pọ̀ sí i. Àgbẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ jù lọ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún ohun tí ń já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Owó orí kò dúró de ọjà. Gbèsè òṣómàáló náà kò yí padà, nítorí ṣílè ni wọ́n fi kọ ọ́ sọ́kàn, wọn kò fi ìwọ̀n kòkó kọ ọ́. Ẹni tí ó ti ṣírò pé àpò kòkó kan yóò san gbèsè aṣọ wá rí i pé àpò méjì kò tó o. Kò ra aṣọ mìíràn, kò sì ná ìnákúnàá. Oorun ni ó sùn jí tí gbèsè rẹ̀ ti ga ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ.

Ṣùgbọ́n òṣómàáló náà jẹ gbèsè. Púpọ̀ nínú wọn gba aṣọ láwìn lọ́wọ́ ọ̀gá tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó ti kọ́ wọn níṣẹ́. Ọ̀gá náà jẹ aláṣọ ńlá, aláṣọ ńlá sì jẹ ilé-iṣẹ́ òyìnbó. Bí onílé kan ní Arámọkọ kò bá sanwó, ìdààmú náà yóò gun ọ̀nà náà padà títí dé Òṣogbo, Èkó àti Manchester. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ni ó dúró ní ìparí okùn náà, ojú kojú pẹ̀lú onígbèsè. Ìlóṣòó rẹ̀ kì í ṣe ìgbéraga ní gbogbo ìgbà. Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ẹ̀rù ni nígbà mìíràn, nítorí bí ó bá padà sílé lọ́wọ́ òfo, orúkọ tirẹ̀ ni yóò bàjẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ní ẹ̀gún ni pé onígbèsè ní ìlépa tirẹ̀. Ní 1933, nígbà tí owó kòkó ṣì wà nílẹ̀, Henry Dallimore ti ìjọ CMS dá ilé-ìwé sílẹ̀ ní Adó-Èkìtì, èyí tí a wá mọ̀ sí Christ's School. Ó yẹ kí a ro ọdún náà dáadáa. Bí a bá wo ọjà nìkan, kò sí ìgbà tí kò dára tó bẹ́ẹ̀ láti béèrè owó ilé-ìwé lọ́wọ́ olóko. Síbẹ̀ àwọn òbí rán ọmọ lọ. Nínú ilé kan náà, ṣílè kan náà ni ó dojú kọ ọ̀nà mẹ́ta: owó orí tí ìjọba lè fi ọlọ́pàá gbà, owó ilé-ìwé tí ó jẹ́ ọjọ́ iwájú ọmọ, àti owó aṣọ tí òṣómàáló ń lóṣòó dè. Èyí tí kò ní ọlọ́pàá, tí kò sì ní ọjọ́ iwájú, ni ó rọrùn jù láti sún síwájú. Lójú olówó, àìṣòótọ́ ni. Lójú onílé, yíyàn ni ó ṣe láàárín ọlà méjì, ti ẹlòmíràn lónìí àti ti ọmọ rẹ̀ lọ́la.

5. Ìwé ìtàn-àròsọ méjì

Àwọn ònkọ̀wé Yorùbá ìgbà náà gbé ọ̀rọ̀ ìwà àti ọrọ̀ yẹ̀ wò, wọn ìbáà má tilẹ̀ dárúkọ òṣómàáló. Ìwé méjì tí ó wà ní ẹnu ìbodè ọdún mẹ́wàá náà tó láti fi èyí hàn.

Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó. Obìnrin kan tí ó ti fi ẹwà kó ọrọ̀ jọ ní ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń kọ lẹ́tà láti orí àìsàn àti òṣì, tí ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọbìnrin ìwòyí. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ènìyàn gidi ni. Ohun tí Sẹ̀gilọlá pàdánù ju owó lọ ni ojú tí ìlú fi ń wò ó, ìyẹn ohun kan náà tí òṣómàáló ń gbà bí ohun ìdógò. Ó ti ná orúkọ rẹ̀ tán kí ọjọ́ ìṣirò tó dé, kò sì sí ẹni tí yóò tún tà fún un láwìn mọ́.

Ní 1938, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà tí Èkìtì wà nínú rẹ̀, gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Àwọn ọdẹ rẹ̀ la igbó kọjá lọ sí Òkè Láńgbòdó, kí ìlú wọn lè rí ìdẹ̀ra. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ohun tí Ìrágbèje fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ni ìwà. Ìrìn-àjò ọlà parí sí ilé ẹ̀kọ́. Ní Adó-Èkìtì ti 1938, níbi tí ilé-ìwé Dallimore ti wà fún ọdún márùn-ún, àwọn òbí kò nílò àlàyé púpọ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí ònkọ̀wé náà ń sọ.

Àwọn ìwé méjèèjì gbà pé ìwà ṣáájú ọrọ̀. Ohun tí ìtàn òwò àwìn fi kún un ni pé ìwà náà lè di ọjà. Ìwé lè sọ pé orúkọ rere sàn ju wúrà lọ. Òṣómàáló ṣírò iye ṣílè tí ó tó.

6. Ohun tí ó kù lẹ́yìn ọ̀dá

Ìṣòro kòkó kò tán ní kíá. Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó pawọ́ pọ̀ láti fi ààlà sí iye tí wọn yóò fi máa ra kòkó ní Gold Coast àti Nàìjíríà. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast kọ̀ láti tà títí di 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá láti wádìí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ní 1947, ìgbìmọ̀ ìjọba gba títa kòkó Nàìjíríà sọ́wọ́.

Owó tí òwò àwìn kó jọ kò dúró sínú aṣọ. Peel fi hàn pé àwọn òṣómàáló tí ó là á já kó èrè wọn sí ríra kòkó, ọkọ̀ èrò, ilé kíkọ́ àti ìsọ̀ ńlá, wọ́n sì rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀mí ìdókòwò Iléṣà dé orí ilé-iṣẹ́ ńlá: ní 1971 ni wọ́n forúkọ International Breweries, tí Lawrence Ọmọlé dá sílẹ̀, múlẹ̀ lábẹ́ òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọtí ní 1978. Ní Èkìtì, ọ̀nà mìíràn ni ìlépa náà gbà. Kí Ìwọ̀-Oòrùn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1955, ilé púpọ̀ ní Èkìtì ti fi oko san owó ìwé. Èkìtì di ilẹ̀ tí a mọ̀ fún olùkọ́ àti ọ̀mọ̀wé, kò di ilẹ̀ tí a mọ̀ fún oníṣòwò ńlá.

A sábà máa ń sọ ìyàtọ̀ yìí bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ni: Ìjẹ̀ṣà mọ òwò, Èkìtì mọ ìwé. Ohun tí a rí níhìn-ín kò tì í lẹ́yìn. Ẹni méjì tí ọ̀dá owó kan náà dé bá ni wọ́n, tí ọ̀kan wà ní òde ilé tí èkejì wà nínú rẹ̀. Ibi tí oníkálukú dúró sí nínú òwò náà ni ó yan ọ̀nà fún un. Ẹni tí ó ń gbowó kọ́ bí a ṣe ń yí owó padà. Ẹni tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ kọ́ pé ohun tí a kó sórí ọmọ kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lóṣòó gbà á.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé àwìn òṣómàáló ní Èkìtì kì í ṣe ìtàn ọ̀dájú tàbí ìtàn akọni. Ètò ni ó jẹ́, nínú èyí tí ìwà ẹni kan di ohun tí ìlépa ẹlòmíràn dúró lé. Nígbà tí owó dára, kò hàn. Ọ̀dá owó ni ó tú u síta, nítorí ó jẹ́ kí ẹni tí ó ní ìwà má ní owó, ó sì fi ìtìjú rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà bíi tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ti àná. Àwọn ayánilówó orí fóònù tí ó gbilẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún àìpẹ́ yìí ń lo ohun ìdógò kan náà. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n a fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ọ̀rẹ́ àti àna onígbèsè, débi pé àjọ tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, FCCPC, gbé ìlànà jáde lórí wọn ní 2022. Ìyàtọ̀ kan wà tí ìtàn Èkìtì jẹ́ kí a rí. Òṣómàáló fi ara rẹ̀ wá. Ó ní ojú, ó ní orúkọ, ó sùn nínú ìlú tí ó ti ń gbowó, ó sì gbọ́dọ̀ padà wá tajà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Bí ó bá ti ènìyàn lójú jù, ìlú náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìtìjú onígbèsè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ìlú. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ kò fi ìtìjú kankan dógò.